Ọkọ̀ tí wọ́n yí sí gáàsì nínú òtútù Aberdeen: ta ló yẹ kó rà á?

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lórí ọkọ̀ yìí ni pé ṣé gáàsì inú rẹ̀ kì í dì nínú òtútù Scotland. Kì í dì. Òtútù ń bá ọkọ̀ gáàsì jà lóòótọ́, àmọ́ ibi tí àwọn ènìyàn fojú sí kọ́ ni ìjà náà wà. Mò ń kọ èyí nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ilé, Nàìjíríà, wá ṣiṣẹ́ kíà (ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà) ní ìhà ibí, tí wọ́n ń rí ọkọ̀ gáàsì olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọn ò sì mọ̀ bóyá kí wọ́n rà á ni tàbí kí wọ́n sá fún un.

Tèmi jẹ́ Volvo V70 àtijọ́ tó ń lo bẹntiróò, tí ẹni tó ni ín ṣáájú mi gbé lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ LPG, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ di omi, sí ọkọ̀. Wọn ò yọ ti bẹntiróò kúrò. Méjèèjì ló wà níbẹ̀. Táńkì gáàsì rẹ̀ rí roboto, inú ihò tí sípíà máa ń wà nínú búùtù ló jókòó sí, nítorí náà n kò ní sípíà, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sínú táyà tó jò ni mò ń gbé kiri. Láàárín ọ̀sẹ̀, mò ń gbé e láti ilé àgbàlagbà kan sí òmíràn nínú Aberdeen. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, màá gba ọ̀nà A93 lọ ṣe ṣíìfù òru ní ilé ìtọ́jú kan ní ìhà Ballater, ó lé ní 40 máìlì. Ọkọ̀ kan náà ni, òtútù kan náà ni, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ ní ìrìn méjèèjì yìí ò jọra rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba gáàsì fúnra rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Propane àti butane ni oríṣi gáàsì méjì tó máa ń wà nínú LPG. Èyí tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ní Britain, propane ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, propane sì máa ń hó di afẹ́fẹ́ láti -42°C lọ sókè. Braemar wà lójú ọ̀nà A93 tí mò ń gbà yìí, ó kọjá Ballater díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òtútù dé -27.2°C níbẹ̀, lọ́dún 1895 àti lọ́dún 1982, kò sì tíì sí ibi tó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú àkọsílẹ̀ UK. Lọ́jọ́ méjèèjì yẹn, propane ì bá ṣì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Butane ni kò lè gbé e, torí bí òtútù bá ti dé òdo báyìí, ó ti jókòó, kò fẹ́ dìde mọ́. Butane yìí ni NLNG, ilé-iṣẹ́ gáàsì ilẹ̀ Nàìjíríà, ń tà sílé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi propane kún un ní 2021. Gbé sílíńdà butane wá sí ẹ̀yìnkùlé mi lóṣù kìíní, wàá ṣáná títí, sítóòfù ò ní dá ọ lóhùn.

Rìdúsà ni òtútù ń bá jà. Inú ẹ̀yìn ọkọ̀ ni gáàsì ti ń bọ̀, ó ṣì wà bí omi, rìdúsà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ohun tó bá ń ti inú omi di afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ooru gbà, bí kò bá rí i, yìnyín ló máa fi bo ibi tó wà. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń lọ sí rédíétọ̀ àti híítà, ni wọ́n fà gba ara rìdúsà kọjá kó lè rí ooru yẹn. Nítorí náà, bẹntiróò lo máa fi tan ọkọ̀ láàárọ̀, òun náà ni wàá fi rìn títí omi yóò fi gbóná dé ibi tí wọ́n ṣètò kọ̀ǹpútà gáàsì sí, 30 sí 40°C nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síárìn mi. Ní gbogbo àkókò yẹn, iná aláwọ̀ ewé orí rẹ̀ á máa ṣẹ́jú. Bí àkókò bá tó, wàá gbọ́ “tá” láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná á dúró sójú kan. Ó ti bọ́ sí gáàsì nìyẹn.

Lóṣù keje, n kì í tíì jáde ní àdúgbò kí n tó gbọ́ “tá” yẹn. Lóṣù kìíní, mo lè dé ilé àkọ́kọ́, kí n pa ọkọ̀, kí iná ṣì máa ṣẹ́jú. Mo wọlé, mo fún màmá ní tíì àti oògùn wọn, mo bá wọn wọ bàtà, mo jáde, ẹ́ńjìnnì ti tutù padà. Orí bẹntiróò la tún ti máa bẹ̀rẹ̀. Báyìí la ó ṣe máa yí ìlú po, táńkì gáàsì kún dẹ́múdẹ́mú lẹ́yìn, bẹntiróò ni mò ń jó. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ gáàsì torí irú iṣẹ́ yìí nìkan ti ra ẹrù tí yóò máa gbé kiri lásán láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta.

Híítà náà dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí omi kan náà ni òun àti rìdúsà jọ ń pín. Bí o bá ṣí fáànù sókè pátá láti ìbẹ̀rẹ̀, ooru rìdúsà lò ń já gbà. Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń bá mi lọ sí Ballater, ọmọ Ìjẹ̀bú, òun àti òtútù ò rẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan híítà, ẹsẹ̀ mi ti kú.”

“Jẹ́ kó bọ́ sí gáàsì ná.”

“Ṣé kí n kọ́kọ́ bọ́ sí kòtò kó tó bọ́ sí gáàsì ni, Ẹ̀gbọ́n?”

Mo máa ń tan án sí ọ̀kan péré kí àlàáfíà lè jọba. Gíláàsì iwájú ni mo sì ń dojú rẹ̀ kọ, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àmọ́ ní ọ̀nà Ballater yìí gan-an ni ọkọ̀ náà ti ń san owó tí mo fi rà á. Kí a tó kúrò ní Cults, ó ti bọ́ sí gáàsì, ó di ibi iṣẹ́. Banchory, Aboyne, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sí ìyàtọ̀ tí ẹsẹ̀ mi mọ̀, àfi bí mo bá fẹ́ ya ọkọ̀ ńlá sílẹ̀ lórí òkè. Agbára inú lítà gáàsì kan kò tó ti bẹntiróò, nítorí náà lítà tí o máa jó á fi bíi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i. Owó-orí ló gbà wá: nígbà tí ìjọba dín in kù lóṣù kẹta 2022, ti lítà bẹntiróò di 52.95 pẹ́ńsì, ti kílò gáàsì di 28.88, lítà gáàsì kan ò sì ju bíi ìdajì kílò lọ. Ìyàtọ̀ yẹn máa ń hàn kedere lójú pọ́ńpù.

Ohun tó tún yí padà nínú òtútù ni agbára tí gáàsì fi ń ti ara rẹ̀ jáde nínú táńkì. Ní 15°C ó lé ní 6 bar, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn irú agbára bẹ́ẹ̀. Ní -10°C ó fi díẹ̀ lé ní 2. Bí gáàsì bá ti wá ń tán lọ nínú táńkì, tí mo sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí òkè, ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ padà sórí bẹntiróò. Kì í ṣe àìsàn. Ohun tó jẹ́ àìsàn ni èyí tó ṣe mí lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ pọ́ńpù omi ẹ́ńjìnnì ní gáréèjì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọkọ̀ ń fà, ó ń dákẹ́, ó ń sáré padà sórí bẹntiróò, híítà sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù bí mo bá dúró níbi iná tó ń darí ọkọ̀. Àwọn ará gáréèjì yẹn ní rìdúsà ti bàjẹ́, wọ́n dárúkọ owó tó mú mi dákẹ́. Mẹkáníìkì ọmọ Poland kan ni mo gbé e lọ fún, torí ní ilẹ̀ tiwọn, ọkọ̀ gáàsì pọ̀ bí nǹkan míì. Kò gbé kọ̀ǹpútà kankan jáde. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì omi méjì tó wọ rìdúsà, ó ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan gbóná, ìkejì tutù bí ẹja dídì, yìnyín funfun sì ti bo ara rìdúsà lọ́sàn-án gangan. Afẹ́fẹ́ ló há sínú omi. Àwọn tó pààrọ̀ pọ́ńpù ò lé e jáde. Ó lé e jáde, ó fi omi kún un, ọ̀rọ̀ tán. Láti ìgbà yẹn, bí híítà bá ti tutù nígbà tí ọkọ̀ dúró, omi ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rìdúsà.

Nípa ríra gáàsì: ẹ má fi ọwọ́ lásán fà á. Nígbà tí ẹ bá ń yọ ẹnu pọ́ńpù, gáàsì díẹ̀ á tú jáde fùú, ó tutù débi pé ó ń jó awọ ara. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn wà nínú búùtù mi tọ̀sán-tòru. Pọ́ńpù á dúró nígbà tí táńkì bá kún dé 80 nínú 100. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kí omi gáàsì lè ráyè wú bí oòrùn bá mú. Ilé epo tó ń ta gáàsì ń dín kù, nítorí náà mi ò kì í dúró dìgbà tó bá tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò jẹ́ kí bẹntiróò gbẹ, torí láàárọ̀ òtútù, láìsí i, ọkọ̀ ò ní tàn. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì náà ń jẹ irin, ẹ ní kí wọ́n máa yẹ páìpù gáàsì abẹ́ ọkọ̀ wò bí wọ́n bá gbé e sókè fún MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún. Ẹ sì sọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì pé wọ́n yí i sí gáàsì.

Àwọn ará ilé tó ń fi CNG, gáàsì abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fún pọ̀, sọ́kọ̀ láti ìgbà tí owó epo ti gòkè ní 2023 máa ń rò pé ohun kan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀: CNG kì í di omi nínú táńkì, bíi 200 bar ni wọ́n ń fún un pọ̀ sí, táńkì rẹ̀ sì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdájọ́ tèmi: bí ìrìn rẹ ò bá tó máìlì márùn-ún kí o tó pa ọkọ̀, ra ọkọ̀ bẹntiróò kékeré, kí o sì gbàgbé gáàsì. Bó bá jẹ́ pé ìlú míì lò ń lọ ṣiṣẹ́, wá a. Àárọ̀ kùtù ni kí o lọ wò ó, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Tan án, wà á lọ, kí o máa wo bọ́tìnnì náà títí tó fi máa bọ́ sí gáàsì, kí o wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí o fọwọ́ kan họ́ọ̀sì méjèèjì. Bí o bá débẹ̀, tí ẹni tó ń tà á sì ti tan ọkọ̀ sílẹ̀ dè ọ́, sọ fún un pé wàá padà wá lọ́la.