Irú Ṣokoléètì Mẹ́ta fún Súìtì Bọ́tà Ẹ̀pà: Èwo Ló Tó Iṣẹ́?

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe súìtì ṣokoléètì tó ní bọ́tà ẹ̀pà nínú, bọ́tà ẹ̀pà kọ́ ló máa yọ ọ́ lẹ́nu. Èèpo ṣokoléètì tó bò ó ni. Ó yẹ kí èèpo náà máa dán, kó dún pàá bí eyín bá kàn án, kó má sì yọ́ mọ́ni lọ́wọ́ kó tó dẹ́nu. Irú ṣokoléètì mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lórí igbá: ṣokoléètì gidi tí ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá kòkó, ṣokoléètì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi sínú bisikíìtì, àti ṣokoléètì ìbòrí tí kò lọ́ọ̀rá kòkó nínú.

Ìwọ̀n tí a fi gbé wọn yẹ̀ wò nìyí, ó sì tó fún 24 nínú ife bébà kéékèèké tí ìdí wọn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta: ṣokoléètì 300 gíráàmù, bọ́tà ẹ̀pà 150 gíráàmù, ṣúgà kíkúnná bí àtíkè 40 gíráàmù, bọ́tà 15 gíráàmù, àti iyọ̀ tó jẹ́ ìdámẹ́rin ṣíbí ìmutíì. Ẹ má fi ṣúgà oníhóró rọ́pò èyí tó kúnná. Omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú bọ́tà ẹ̀pà, nítorí náà kò sí ohun tó máa yọ́ hóró ṣúgà náà, bí iyanrìn ló sì ṣe máa rí lẹ́nu. Ẹ má fi oyin sí i náà. Omi tó wà nínú oyin a máa mú kí bọ́tà ẹ̀pà le, kó sì máa fọ́ wẹ́wẹ́.

Ṣokoléètì ìbòrí ló rọrùn jù. Wọ́n ti fi òróró mìíràn rọ́pò ọ̀rá kòkó inú rẹ̀, òróró èkùrọ́ ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ yọ́ ọ, ẹ dà á, yóò dì fúnra rẹ̀, yóò sì dán. Ó dára fún ibi tí ooru ti pọ̀ àti fún ẹni tó ń bá àwọn ọmọdé ṣe é. Àmọ́ ẹnu tó bá mọ ṣokoléètì kò ní ṣàìmọ̀ ọ́n: ó máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu bí ìda, adùn kòkó rẹ̀ kò sì jinlẹ̀. Àṣìṣe tó burú jù níbẹ̀ ni kí ẹ pò ó mọ́ ṣokoléètì gidi kó lè pọ̀ sí i. Òróró èkùrọ́ àti ọ̀rá kòkó kì í bára wọn gbé. Àpòpọ̀ wọn máa ń rọ̀ ju ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ, kò sì ní pẹ́ tí ara rẹ̀ á fi funfun. Bí ẹ bá lò ó, òun nìkan ni kí ẹ lò. Mo fún un ní 6 nínú 10.

Ṣokoléètì wẹ́wẹ́ ló já mi kulẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Wọ́n ṣe é kó má pàdánù ìrísí rẹ̀ nínú ààrò, torí náà ọ̀rá kòkó rẹ̀ kì í pọ̀. Bó bá yọ́, yóò ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, kò ní ṣàn dé ẹ̀gbẹ́ ife, orí súìtì á sì rí gbágungbàgun. Àwọn kan ń fi ṣíbí òróró àgbọn kan sí i kó lè ṣàn. Yóò ṣàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèpo náà á rọ̀, inú fíríìjì ló sì máa ń gbé títí tí ẹ ó fi jẹ ẹ́. Ó gba 3.

Ṣokoléètì gidi ni tèmi. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó rà á: ọ̀rá kòkó nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ rí, àfi ọ̀rá wàrà bó bá jẹ́ oníwàrà. Èyí tí kòkó rẹ̀ jẹ́ 55 sí 65 nínú 100 ló bá inú tó dùn, tó sì níyọ̀ yìí mu jù. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ń pè ní couverture, ẹ mú un; òfin Yúróòpù sọ pé ọ̀rá kòkó inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 31 nínú 100, ìdí sì nìyí tó fi ń ṣàn dáadáa.

Iṣẹ́ wà lára rẹ̀ o. Ọ̀nà mẹ́fà ni ọ̀rá kòkó lè gbà dì, ìkarùn-ún nìkan ló sì ń mú kó dán, kó sì dún. Ẹ gé 300 gíráàmù náà wẹ́wẹ́, kí ẹ ya 100 sọ́tọ̀. Ẹ yọ́ 200 yòókù nínú abọ́ lórí omi gbígbóná tí kò hó, kí ìdí abọ́ má kan omi, títí tí tẹmómítà á fi fi dígírì Celsius 45 sí 48 hàn. Oníwàrà kò gbọ́dọ̀ kọjá 45. Ẹ sọ abọ́ kalẹ̀, kí ẹ nu ìdí rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀kán omi kan péré tó bá bọ́ sínú rẹ̀ lè mú kí ṣúgà inú rẹ̀ so mọ́ra, kí gbogbo rẹ̀ sì di ìṣù. Ẹ wá máa fi 100 tó kù sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó, títí tó fi máa balẹ̀ sí 31 tàbí 32, oníwàrà sí 29 tàbí 30. Ẹ ti ẹnu ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá dì, tó dán, tí kò ní ìlà funfun, ó ti ṣe tán nìyẹn. Bí ooru rẹ̀ bá kọjá 34, ohun tí ẹ ti kọ́ ti wó, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ da nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà sí ìdí ife kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fà á gun ẹ̀gbẹ́. Bó bá dì, ẹ tẹ́ gíráàmù mẹ́jọ bọ́tà ẹ̀pà tí ẹ ti pò mọ́ ṣúgà, bọ́tà àti iyọ̀ pẹlẹbẹ sórí rẹ̀, kó jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ ní mìlímítà mẹ́ta, kí ẹ wá bò ó. Ibi tí bọ́tà ẹ̀pà bá ti kan bébà ni òróró á ti jò. Kí ohun inú náà má tutù jù, kó má sì gbóná jù. Dígírì 22 sí 25 ló dára. Bó bá gbóná, á ba dídì èèpo jẹ́. Bó bá ti inú fíríìjì jáde, á wú bó ṣe ń gba ooru, èèpo á sì sán.

Bọ́tà ẹ̀pà tí òróró rẹ̀ kì í léfòó ni kí ẹ fi ṣe é. Èyí tó jẹ́ ẹ̀pà lásán dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òróró rẹ̀ máa ń wọ inú ṣokoléètì, á sọ ọ́ di rírọ̀, ara rẹ̀ á sì máa funfun bí awọ tí kò rí ìpara. Bí òun ló bá wù yín, ẹ jẹ súìtì náà tán láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó dì níbi tó tutù níwọ̀nba. Bó bá di dandan kó wọ fíríìjì, ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, ìrì á sẹ̀ sí i lára nígbà tó bá jáde, á yọ́ ṣúgà orí rẹ̀, bó bá sì gbẹ, á di funfun hẹ́rẹhẹ̀rẹ.

9 nínú 10 ni mo fún ṣokoléètì gidi. Iṣẹ́ tó ń gbà ló gba máàkì kan yẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó dán bíi dígí lè fi àwo oníke líle tí wọ́n ń da ṣokoléètì sí kó lè dì rọ́pò ife bébà. Ṣokoléètì tó dì dáadáa máa ń sún kì díẹ̀, bí ẹ bá dojú àwo náà dé, á já bọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, dídì rẹ̀ ni kò pé.