Amúnútutù àbí úgú: èwo ni kí o rà?

Ìtàkùn ni àwọn méjèèjì, wọ́n ń gun ọ̀pá, a sì ń fi ewé wọn se ọbẹ̀. Ìjọra wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Úgú bá elégédé àti ẹ̀gúsí tan. Inú ẹbí mìíràn, Basellaceae, ni amúnútutù wà.

Tó bá jẹ́ ewé lo fẹ́ rà, ti amúnútutù nípọn, ó ń dán, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣẹ́ igi rẹ̀ wò: tó bá dá kíá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti oko nìyẹn, tó bá ń tẹ̀ bí okùn, fi í sílẹ̀. Oòrùn tètè ń mú un rọ, nítorí náà ọjọ́ tí o máa sè é ni kí o rà á. Èyí tí igi rẹ̀ pupa wà, èyí tí igi rẹ̀ ní àwọ̀ ewé náà wà. Má san owó lé pupa, adùn wọn kò yàtọ̀. Ó máa ń yọ̀ díẹ̀ bí ewédú, bó bá sì ṣe pẹ́ lórí iná tó ni yóò ṣe yọ̀ tó. Úgú kì í yọ̀, ó sì gba iná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ti rẹ́ sínú ọ̀rá rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ ọjọ́ tí wọ́n já a? Odidi ewé ni èmi ń rà.

Orí irúgbìn gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Hóró úgú kò gbọdọ̀ gbẹ. Tó bá ti gbẹ, ó ti kú. Lọ́dún kan, mo ra gbígbẹ nínú ọ̀rá, kò sí ẹyọ kan tó hù. Èso tó gbó ni kí o rà, kí o là á, kí o sì gbìn ín láìpẹ́. Ó tún ní akọ àti abo: abo ló ń so, ewé rẹ̀ sì sábà máa ń fẹ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sí bí o ṣe lè dá wọn mọ̀ lójú hóró.

Ti amúnútutù kò ní wàhálà yìí. Hóró rẹ̀ ṣeé gbẹ, ó ṣeé tọ́jú. Rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí o tó gbìn ín. Kódà, o lè má ra hóró rárá: já ewé inú ìdì tí o rà fún ọbẹ̀, kí o ki igi rẹ̀ bọ ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin, yóò ta gbòǹgbò.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, "pui shaak" ni kí ẹ fi béèrè amúnútutù ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Bangladesh. Ní Rio, ní orílẹ̀-èdè Brazil, "bertalha" ni wọ́n ń pè é. Òtútù ń pa á, ẹ dúró kí ooru dé kí ẹ tó gbìn ín síta.

Ní ọgbà tèmi, amúnútutù ló gun wáyà. Ọjà ni mo ti ń ra úgú.