Ọbàkan méjì, ọ̀fọ̀ kan
Ewì ni Elizabeth Acevedo fi kọ gbogbo Clap When You Land, ìwé ìtàn tó gbé jáde fún àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 2020. Ọbàkan ni Camino ti Dominican Republic àti Yahaira ti New York, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ara wọn títí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé bàbá wọn fi já sínú òkun. Ibi tí Camino ti lọ pàdé bàbá rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, tó wá bá ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sunkún, ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó dàgbà nílé olórogún yóò mọ bí ènìyàn ṣe ń bínú sí òkú tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ El Cero, ọkùnrin tó ń dọdẹ Camino, nìkan ló yára parí jù lójú mi.