Adapter tí mo fi so pùròpẹ́là mìíràn mọ́ áàsù ẹ̀yìn: oṣù mẹ́jọ rèé tó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ mi

Gíà ni mo pààrọ̀, òun ló fa gbogbo rẹ̀. Pùròpẹ́là (ọ̀pá irin gígùn tó ń gbé agbára láti gíà lọ sí áàsù ẹ̀yìn) tó bá gíà tuntun mu wọlé níwájú wọ́ọ́rọ́, àmọ́ nígbà tó dé ẹ̀yìn, ihò mẹ́rin ojú rẹ̀ kọ̀ láti bá ti áàsù mu. Mo fi vernier, irin ìwọ̀n tó ń ka mílímítà, wọ̀n ọ́n láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó kọjú sí i: 76 mm ni ti áàsù, 85 mm ni ti pùròpẹ́là.

Àwọn kan ní kí n lu ihò mìíràn sójú flange áàsù, ìyẹn ojú irin tí a ń de pùròpẹ́là mọ́. Kò ṣeé ṣe lórí tèmi: igun mẹ́rin tí ihò àtijọ́ wà nìkan ni irin wà, tuntun á sì jálu ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún ní kí n tú nọ́ọ̀tì pinion (ọ̀pá eléyín tó ń gba yíyí pùròpẹ́là wọ inú áàsù), kí n pààrọ̀ flange náà pátápátá. Nínú dífù mi, ìyẹn àwọn eyín irin tó wà láàárín áàsù, òrùka irin kan wà lẹ́yìn nọ́ọ̀tì yẹn tó máa ń fún pọ̀ bí a ṣe ń dè é, òun ló ń pinnu bí bẹ́ríǹgì á ṣe le tó. Bí a bá dè é jù, bẹ́ríǹgì á gbóná títí á fi bàjẹ́. Bó bá sì rọ̀, dífù á máa ké. Dífù mi kò ní àìsàn kankan, mi ò sì ní tọwọ́ ara mi kó àìsàn bá a.

Bí mo ṣe ra adapter nìyẹn, irin tí a ń fi sáàárín ojú méjì tí ihò wọn kò bára mu kí wọ́n lè so pọ̀. Méjì ni mo rà, torí èyí àkọ́kọ́ kò dáa. Irin pẹlẹbẹ ni lójú méjèèjì, ihò mẹ́jọ péré ló wà lára rẹ̀. Mo dè é, mo gbéra. Ní 60 km/h ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, nígbà tó fi máa di 90, ìjókòó ń gbọ̀n lábẹ́ mi. Mo rò pé kúrọ́ọ̀sì, ìyẹn oríkèé pùròpẹ́là, ló ti jẹ, mo pààrọ̀ rẹ̀ lásán. Ọjọ́ tí mo gbé dial gauge (aago ìwọ̀n tó ń fi yíyẹ̀ kékeré hàn) sí i ni ojú mi là: pùròpẹ́là ń yẹ̀ kúrò ní àárín ní 0.6 mm bó ṣe ń yí.

Ohun tó fà á ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Bóòtù kọ́ ló ń mú pùròpẹ́là dúró ní àárín. Ihò bóòtù máa ń fẹjú díẹ̀ ju bóòtù lọ, ààyè yẹn ni pùròpẹ́là ń yẹ̀ sí. Ètè róbótó tó yọ láàárín flange, tó ń wọ ihò èkejì rẹ̀ pinpin, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Adapter tí kò ní ètè ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ flange, kò sì ṣe é. Bí ẹ́ńjìnì bá sì ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí gíà ń yí pùròpẹ́là bákan náà, ìgbà 50 ló ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí yíyẹ̀ náà fi ń gbọn ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Èyí kejì ní ètè lójú kan, ó ní kòtò fún ètè pùròpẹ́là lójú kejì. Mo ní láti rọra fi òòlù onírọ́bà lù ú kó tó wọlé, inú mi sì dùn sí líle yẹn. Dial gauge sọ pé 0.05 mm. Ìkùn náà pòórá.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Wọ́n kun ọ̀dà wọ inú kòtò náà, kò sì jẹ́ kí pùròpẹ́là jókòó dáadáa àfìgbà tí mo há a kúrò. Bóòtù 8.8 ni wọ́n fi sínú páálí, mo fi 10.9 tó lágbára jù wọ́n lọ rọ́pò wọn. Wọn kò kọ bó ṣe yẹ ká dè wọ́n le tó síbì kankan, èyí kò sì yẹ irú iṣẹ́ yìí rárá.

Wọn kò sì sọ ohun tí nínípọn rẹ̀ máa ṣe. 20 mm ni, ó sì ti pùròpẹ́là síwájú níwọ̀n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀, 8 mm péré ló kù kí ẹnu pùròpẹ́là tó kan ìsàlẹ̀ nínú gíà. Bí áàsù bá gòkè lórí gegele, á gbá gíà, bẹ́ríǹgì inú gíà á sì jìyà rẹ̀. Mo gé pùròpẹ́là kúrú ní 20 mm, wọ́n tún un jó, wọ́n sì wọ̀n ọ́n lórí ẹ̀rọ kó lè yí dọ́gba. Ẹ fi iṣẹ́ yẹn kún ìṣirò yín kẹ́ ẹ tó rà á.

Mo tún bóòtù dè lẹ́yìn 100 km, mo fa ìlà ọ̀dà funfun láti orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bọ́ sára flange. Ó ti rin 11,000 km báyìí. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lánàá, ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì gún régé.