Orúkọ .shop fún oníṣòwò: mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin

Aṣọ òkè ni mò ń tà ní ọjà Wuse, orúkọ tó parí sí .shop ni mo sì gbà fún ìkànnì mi. Ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Kò gùn: mo tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá tí mo fi ń di aṣọ, ó hàn ketekete. Oníbàárà tó wà ní Kàdúná rí i, kò bèèrè ohun tí mò ń tà mọ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá jà sí ẹ̀tọ́ láti máa bójú tó .shop yìí o! Google àti Amazon wà lára àwọn tó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ICANN, àjọ tó ń ṣètò orúkọ ìkànnì lágbàáyé, ní 2012, $185,000 sì ni owó ìbéèrè kan. Ilé-iṣẹ́ GMO Registry láti Jàpáànì ló jáwé olúborí ní gbàǹjo 2016, $41.5 mílíọ̀nù ni wọ́n fi gbà á.

Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó tà á fún mi ṣe ẹ̀dínwó ọdún àkọ́kọ́, kò sọ pé owó ọdún kejì yóò fò sókè fíìfíì. Kò yẹ kí wọ́n máa fi èyí pamọ́ fún oníṣòwò kékeré. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, .com.ng tí NiRA, àjọ tó ń rí sí orúkọ ìkànnì .ng ti Nàìjíríà, ń bójú tó wà níbẹ̀, kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.