Ìkìlọ̀: òkúta tí wọ́n pa láró ni wọ́n tà fún mi ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tàbí tí ẹ fẹ́ tún ilé ìdáná yín ṣe, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé akọ òkúta dúdú, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní gíránì, wà lọ́wọ́ òun ní owó pọ́ọ́kú, ẹ mú àkísà funfun kan àti ọsàn wẹ́wẹ́ kan dání kí ẹ tó lọ bá a. Èmi kò mú nǹkan kan dání ju owó lọ. 640,000 sẹ́fà ni mo san fún ọkùnrin tó ta tèmi fún mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí pé iṣẹ́ tí mo fi ọdún 22 ṣe kò ju kí n mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú lọ.

Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Wandó. Bí oníbàárà bá gbé àǹkárá wá pé kí n bá òun wò ó, n kì í fi àkókò ṣòfò: mo máa yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo máa fi omi díẹ̀ tọ́ ìka, mo máa fi ra igun rẹ̀, bí aró bá ti yọ sí mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Gbogbo ìsọ̀ tó yí mi ká ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Èmi yìí kan náà ni mo dúró níwájú òkúta tí wọ́n pa láró, tí mo ń fi ọwọ́ pa á lára bí ìgbà tí ènìyàn ń pa ọmọ tuntun lára, tí mo ń sọ pé ó mà dán o.

Ìdána ọmọ mi obìnrin ló mú mi kánjú. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹpẹ ilé ìdáná wa ṣì jẹ́ sìmẹ́ǹtì lásán, n kò sì fẹ́ kí àwọn àna wa bá a bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan júwe oníṣòwò kan fún mi tó pàtẹ òkúta sí ẹ̀bá títì. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà báyìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ó ní, "Màmá mi, ẹ káàbọ̀." Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni n kò lè gbàgbé. Ó já owó gbà lọ́wọ́ mi ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò yẹ nǹkan wò. Ó fún mi ní àpẹẹrẹ kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mo gbé e relé, mo fi ọ̀bẹ ha á, kò ní àmì kankan. Mo da epo sí i, mo nù ún, ó mọ́ pátápátá. Gíránì tòótọ́ ni àpẹẹrẹ náà. Ìwà ọ̀dájú rẹ̀ gan-an nìyẹn! Òkúta tí ó gbé wá sí ilé mi kì í ṣe ọmọ ìyá àpẹẹrẹ yẹn rárá. Ó yẹ kí n mọ̀, nítorí pé àwọn kan wà láàárín àwa aláṣọ náà tí wọ́n máa ń fi aṣọ gidi sókè bẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n á fi jàǹkúrù sí abẹ́ rẹ̀. Ó tún sọ fún mi pé láti Carrara ní ìlú Ítálì ni gíránì dúdú náà ti wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ rẹ́rìn-ín títí nígbà tí ó gbọ́, ó ní máábù, òkúta mìíràn tí kò le tó gíránì, ni ayé mọ Carrara mọ́, pàápàá èyí tó funfun. Àmọ́ èmi ti ń sọ ọ́ káàkiri ọjà nígbà yẹn pé òkúta Ítálì ni mo rà.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé e dé, nígbà tí ojú ọjọ́ ti ń ṣú. Ẹ kíyè sí i: ìrọ̀lẹ́. Ọmọkùnrin méjì ló gbé èyí tó gùn jù wọlé, tí wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà lọ. Òkúta tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3 gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa, yóò súnmọ́ 100 kílò. Ènìyàn méjì kò lè máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ láti gbálẹ̀ ni mo rí ìlà kan tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú lábẹ́ etí rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 2 péré ni òkúta náà, wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀já òkúta mìíràn mọ́ etí rẹ̀ níwájú kí ó lè dà bí ẹni pé ó nípọn. Mo rí i, mo dákẹ́. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ fún ọkọ mi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àwọn àna wá, mo ń fọ ẹja, mo gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, mo da ojú ìlàjì kan dé orí pẹpẹ. Nígbà tí mo gbé e kúrò, àmì roboto kan wà níbẹ̀, ó funfun bí ojú ẹja tí wọ́n ti sè. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo fi òróró pa á. Ó ń tàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tún padà funfun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé, ó gba omi tí ọmọ mi fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ó da díẹ̀ sí àkísà funfun, ó fi nu igun òkúta náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré. Àkísà náà dúdú bí ìgbà tí wọ́n fi nu ìdí ìkòkò. Mo jókòó sílẹ̀. Aró! Èmi aláṣọ, aró ni wọ́n fi mú mi!

Ó ṣàlàyé fún mi pé irú òkúta tó ń ṣe máábù ni, wọ́n kàn pa á láró dúdú ni, àti pé ohun tó wà nínú ìkarahun ìgbín gan-an ló pọ̀ jù nínú máábù, ìdí nìyẹn tí omi kíkan fi máa ń jẹ ẹ́: ọsàn, tòmátì, ọtí kíkan, gbogbo wọn. Gíránì kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rántí ọlọ ìyá mi ní Ṣábẹ, níbi tí òkè akọ òkúta yí ìlú ká. Ata, iyọ̀, tòmátì, ọsàn, kò sí ohun tí ọlọ yẹn kò rí, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yí padà títí ìyá mi fi kú. Èmi ọmọ Ṣábẹ, tí wọ́n tọ́ lórí akọ òkúta, ni wọ́n ta ìkarahun ìgbín fún.

Mo pe oníṣòwò náà. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Màmá, ta ló ní kí ẹ gbé ọsàn lé e lórí?" Nínú ilé ìdáná! Ó ní ó yẹ kí n ti fi oje tí wọ́n fi ń dí ojú òkúta pa á. Oje yẹn máa ń dín bí epo ṣe ń wọ inú òkúta kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ máábù di gíránì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé fóònù mọ́. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀gá rìnrìn àjò. Ẹ̀yìn páálí tó ti ya ni ó kọ owó sí fún mi, kò sí orúkọ òkúta níbẹ̀, kò sí ìnípọn, mo sì ti fi MoMo orí fóònù san ìyókù kí n tó rí òkúta náà ní ọ̀sán. Ẹ̀bi mi ni ìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ẹni tí wọ́n jà lólè kò sọ olè di olóòótọ́.

Nítorí náà, ẹ ha abẹ́ òkúta tí ẹ máa gbà gan-an, ẹ má ha àpẹẹrẹ. Ẹ kán ọsàn sí igun rẹ̀, kí ẹ dúró díẹ̀. Ẹ fi omi èékánná nù ún. Ẹ fi téépù wọn ìnípọn rẹ̀ láàárín, ẹ má wọn etí. Ojúmọmọ ni kí ẹ gbà á, kí ẹ sì fi owó tó pọ̀ pamọ́ títí dìgbà náà. Fún ilé ìwẹ̀, máábù kò burú, bí ẹ kò bá ti fi omi kíkan tí wọ́n fi ń fọ ṣálángá kàn án. Òkúta àtọwọ́dá, èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù po kúọ́tísì lílọ̀ (irú òkúta líle kan), náà dára, àmọ́ ẹ má gbé ìkòkò gbígbóná lé e. Ó tán.

Mo ti ń ronú nípa ẹni tó júwe rẹ̀ fún mi. Ta ló mọ̀ bóyá ó gba tirẹ̀ nínú owó náà? Kí ó má bínú bí n kò bá jẹ́ kíkí rẹ̀ lọ́jà mọ́. Láti ìgbà náà, n kò gba oníṣòwò kankan gbọ́, àtẹni tó ń ta irin, àtẹni tó ń ta ilẹ̀kùn. Kódà ẹni tó ta ẹ̀wà fún mi lánàá, mo da ẹ̀wà náà sílẹ̀ kí n tó sanwó.

Àwọn àna dé, mo fi àǹkárá tó dára jù ní ìsọ̀ mi bo pẹpẹ náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ìyá ọkọ ọmọ mi sì yin aṣọ náà títí. Ẹni tó bá fẹ́ rí àrídájú kí ó wá bá mi ní ìsọ̀. Àkísà náà wà lábẹ́ àga mi, n kò tíì fọ̀ ọ́.