Ẹ fi Kpalimé sílẹ̀, ẹ gun òkè: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn amọ̀nà abúlé ní Tógò

Tí èèyàn bá ti béèrè ibi tó tutù tí òun lè sá lọ láti Èkó láìwọ bàálù, Kpalimé ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún un. Wọn ò purọ́. Ìlú náà wà ní nǹkan bíi kìlómítà 120 sí Lọ́mẹ̀, kò jìnnà sí ààlà Gánà, òkè yí i ká, igbó ibẹ̀ ṣì dúdú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Kpalimé gan-an ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ àwọn tó ń mú àlejò lọ sí àwọn abúlé orí òkè tó wà nítòsí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí oríṣi méjì ni mo ti sanwó fún: èyí tí iléeṣẹ́ ìrìn-àjò ń tà láti ìlú ńlá, àti èyí tí ọmọ abúlé fúnra ẹ̀ ń ṣe. Owó wọn ò jọra, ohun tí èèyàn rí gbà ò sì jọra rárá.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ti ìlú kúrò lọ́nà. Lọ́mẹ̀ la ti san owó náà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Asigamé, ọjà ńlá Lọ́mẹ̀, tó gbọ́ èdè Ewe àti Faransé dáadáa. Abúlé tí àlejò kì í dé ni wọ́n ní àwọn máa mú wa lọ. Ibi tí awakọ̀ wọn kọ́kọ́ já wa sí ni Womé, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta sínú adágún kan. Ọkọ̀ ti tò bẹẹrẹ ká tó débẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò lọ́tùn-ún lósì. Láti ibẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù àwọn agbẹ́gilére. Awakọ̀ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú ẹ̀ ò kúrò lára báàgì wa. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, “Abúlé ọ̀hún dà?” Ó ní ṣé Womé tí a ti ń bọ̀ kì í ṣe abúlé ni? Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Omi Womé dára, pàápàá nígbà tí òjò bá ti kún un. Aṣọ kente tí wọ́n ń hun ní Kpalimé, igi gbígbẹ́, ìkòkò, bàtíìkì, gbogbo ẹ̀ ló tó rà. Àmọ́ ohun tí a sanwó fún kọ́ nìyẹn, owó náà kò sì padà.

Kouma la ti rí ohun tí a ń wá. Kouma kì í ṣe abúlé kan ṣoṣo. Abúlé mélòó kan ló ń jẹ́ orúkọ yẹn lórí òkè náà: Kouma-Tokpli, Kouma-Bala, Kouma-Adamé, Kouma-Konda àti àwọn mìíràn. Konda làwọn àlejò mọ̀ jù, nítorí labalábá tó pọ̀ nínú igbó ibẹ̀, ó sì tó nǹkan bíi kìlómítà 12 sí Kpalimé. Zémìjàn, ìyẹn ọ̀kadà wọn, la gùn lọ. Ọ̀nà náà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lábẹ́ igi ńláńlá tí ẹ̀ka wọn pàdé lókè, oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè. Kí ẹ tó gun ọ̀kadà kankan níbẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń gùn ún tẹ bíréèkì kí ẹ fojú ara yín rí i, torí bíbọ̀ ló le ju lílọ lọ. Èyí tó kọ́kọ́ dá wa lóhùn, ẹsẹ̀ ló fẹ́ máa fi dúró. A jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ má retí àpáta ríràbàtà bíi ti Ìdànrè. Igbó ló bo òkè Kouma láti ìsàlẹ̀ dé orí. Ọmọ àgbẹ̀ láti Oǹdó tàbí Iléṣà á mọ kòkó lójú, á mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n kọfí lè ṣàjèjì sí i: igi kúkúrú tó ń hù lábẹ́ ìbòòji igi gíga, tí èso rẹ̀ ń pọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀ka. Lójú ọ̀nà yìí náà ni Missahoé wà, níbi tí àwọn Jámánì kọ́ ibùdó ìjọba sí ní 1890, nígbà tí Tógò ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn náà ló ṣe reluwé láti Lọ́mẹ̀ dé Kpalimé ní 1907 nítorí àtikó kòkó. Ojú irin náà ò gun òkè. Ẹsẹ̀ òkè ló parí sí. Amọ̀nà wa ní orí làwọn bàbá bàbá òun fi ń ru ẹrù sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, ojú ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ nígbà náà la sì ń rìn yẹn.

Ẹnu ọ̀nà Konda la ti bá amọ̀nà náà pàdé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, àgbàlagbà kan tó jókòó níbẹ̀ ló pè é fún wa. Tàǹtí ló ń pe àwa méjèèjì. Iye tó kọ́kọ́ dá kò tó ìdajì ohun tí a san ní Lọ́mẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ò gbà, ó ná an títí ojú ọmọ náà fi rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Èmi ni mo ní kó tó. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìdúnàá-dúrà náà kì í ṣe iye: ẹ bi í bóyá owó tí wọ́n máa ń fún abúlé wà nínú ohun tó pè. Tiwa wà nínú ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló fi lé àgbà lọ́wọ́ lójú wa. Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń sọ ọ́ di owó méjì nígbà tí ẹ bá ti wọ igbó tán.

Nǹkan tí mo fi ń gbóríyìn fún un ni pé ó mọ ilẹ̀ tó ń rìn lórí ẹ̀. Nítòsí oko kan, ó já ewé tíìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kó rún un. Kò tíì rún un tán tí ọwọ́ ẹ̀ fi pọ́n bí ẹni tó kun osùn. Ó fi omi ṣàn án, ó fi àkísà nù ún, kò lọ. Níwájú díẹ̀, ó wá ewé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, irú èyí tó ń hù lẹ́bàá odò tí etí rẹ̀ rí wẹẹrẹwẹ. Ó tẹ́ ẹ lé apá mi, ó fi ọwọ́ lù ú pàì, ó ká a kúrò. Àwòrán ewé náà wà lára mi ní funfun, gbogbo etí rẹ̀ pé, kò sí èyí tó sọnù. Mo gbé e dé Kpalimé, òógùn ló wá pa á rẹ́ nígbẹ̀yìn. Irú àwọ̀ inú igbó bẹ́ẹ̀, láti ara ewé, èèpo àti èso, làwọn ayàwòrán Kouma ń fi ya àwòrán tí wọ́n ń tà. Mo ra kan. Kò sẹ́ni tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń wo báàgì mi.

Níbi ọ̀rọ̀ egbòogi, ẹ gbọ́ ohun tó bá sọ, kí ẹ sì jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Lẹ́nu ẹ̀, kò séwé tí kì í wo ibà.

Lẹ́yìn Konda, àlejò ò pọ̀ mọ́. Ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé kéékèèké tí a gbà kọjá, ìyá àgbà kan ń fi ọwọ́ da kọfí tó sá sórí ẹní síbí sọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí i lédè Ewe. Ìyá ní kí wọ́n gbé àpótí wá, wọ́n gbé omi wá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí a wá ṣe, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa gẹ́lẹ́. Ó béèrè bóyá Ànàgó ni wá. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó gbọ́ pé Asigamé ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń tajà, ọ̀rọ̀ kọfí tán lẹ́nu ẹ̀. Ó ní èló ni áńkárá báyìí, kí ló dé tí wọ́n fi ń tà á tó bẹ́ẹ̀ ní Kpalimé? Àwọn ìyàwó ilé méjì tó wà nítòsí sún mọ́ wa. Kí n tó mu omi tán, ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ iye ọ̀pá aṣọ sínú fóònù ẹ̀. Amọ̀nà jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò yọ wá lẹ́nu pé àkókò ń lọ, mo sì fún un ní máàkì nítorí ìyẹn, torí awakọ̀ ti Lọ́mẹ̀ á ti máa fun fèrè.

Danyi, agbègbè orí òkè mìíràn tí ẹ lè ti Kpalimé lọ, yàtọ̀ sí Kouma. Ilẹ̀ tẹ́ lórí òkè níbẹ̀, ó sì tutù ju ti Kouma lọ. Ẹ máa gba ọ̀nà Atakpamé láti Kpalimé dé Adéta, lẹ́yìn náà ni ẹ máa yà sọ́wọ́ òsì tí ọkọ̀ á máa pọ́n òkè lọ sí Apéyémé. (Àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Ana wà ní Atakpamé, èdè wọn bá tiwa tan. Ìyẹn á ní àgbéyẹ̀wò tirẹ̀.) Ọkọ̀ akérò ò ní kúrò ní gáréèjì àfi tó bá kún, ó sì lè pẹ́ kó tó kún, ẹ mú sùúrù dání. Ẹ mú súwẹ́tà pẹ̀lú. Ní Dzogbégan, àwọn mọ́ńkì Bẹnẹdíkítì tó wá láti ilẹ̀ Faransé dá ilé àdúrà kan sílẹ̀ ní 1961, wọ́n ní oko, wọ́n ní ilé àlejò, wọ́n sì ń ta kọfí, oyin àti jáàmù tí wọ́n fi èso oko ṣe. Ẹ lè jókòó sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń kọrin àdúrà, bí ẹ kì í tiẹ̀ ṣe Kátólíìkì. Mo gbádùn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ síbẹ̀ tó ra jáàmù tó sì yí padà kò tíì rí Danyi. Ẹ ní kí ọmọ ibẹ̀ kan mú yín gba inú oko títí dé etí òkè, ibi tí ilẹ̀ ti já lójijì tí àfonífojì wà nísàlẹ̀ yín. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìdí tí mo fi kúrò nílé.

Òkè Agou ni gbogbo ayé máa ń dárúkọ, torí òun ló ga jù ní Tógò, mítà 986. Ọkọ̀ lè gbé yín dé nítòsí orí rẹ̀, àwọn òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni ẹ máa bá níbẹ̀. Tójú ọjọ́ bá mọ́, wọ́n ní èèyàn á máa wo Gánà lọ́ọ̀ọ́kán. Kùrukùru làwa rí. Tí ẹ bá fẹ́ lọ dandan, ẹ fẹsẹ̀ rìn gba àárín àwọn abúlé tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè náà, ìyẹn sàn ju orí rẹ̀ lọ.

Oúnjẹ ò ní dààmú ọmọ Yorùbá. Ohun tí wọ́n ń pè ní fùfú níbẹ̀, iyán ni, ẹ má sá fún un. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n sábà ń fi jẹ ẹ́. Adémè wọn, ewédú ni. Sódàbì jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ògógóró, mi ò tíì mọ èyí tó jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n mu ún tó èyí tí mo fi lè mọ̀.

Ẹ pààrọ̀ owó sí sẹ́fà kí ẹ tó gun òkè, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, torí kò sí PÓÒSÌ lábúlé, àwọn zémìjàn kì í sì í ní ṣéńjì. Sẹ́fà tí ẹ ná ní Kútọnu náà ni ẹ máa ná níbẹ̀. Ẹ ra síìmù ní Lọ́mẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, ilẹ̀ gbẹ, ẹsẹ̀ ò yọ̀, ṣùgbọ́n eruku á bo òkè, omi á sì kéré. Lákòókò òjò, omi á kún, labalábá á pọ̀, ọ̀nà á sì máa yọ̀ bí ẹ bá gbé bàtà tí kò ní eyín wọ̀. Èmi á yan òjò. Ẹni tí orókún ń dùn, kó jókòó sí Konda, kó má tẹ̀ lé wọn lọ sí àwọn abúlé yòókù.

Tí ẹ bá máa gba amọ̀nà, orí òkè ni kí ẹ ti gbà á, láàárọ̀, kì í ṣe láti Lọ́mẹ̀. Iléeṣẹ́ ìlú, mo fún wọn ní ìràwọ̀ kan, nítorí ọkọ̀ wọn ní ẹ̀rọ amúlétutù. Amọ̀nà Kouma, mẹ́rin nínú márùn-ún. Ó pẹ́ kó tó dé láàárọ̀, ó sì ń rìn kíákíá ju èèyàn lọ. Gbogbo ibi tí a bá ti béèrè bó ṣe kù sí, “ìṣẹ́jú márùn-ún, tàǹtí” ló ń sọ. Ó sọ ọ́ ní ìsàlẹ̀ òkè, ó sọ ọ́ ní àárín òkè, ó tún sọ ọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ bàtà sọ́wọ́. Ìràwọ̀ karùn-ún wà lọ́wọ́ mi, màá fún un lọ́jọ́ tó bá ra aago.